Kọ́kọ́rọ́ Kan fún Gbogbo Oníbàárà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Fáìlì Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tó Jáde Síta ní 2013

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ta sọ́fítíwíà tí àwọn ayàwòrán, àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń ṣe fídíò ń lò káàkiri ayé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan, bí kò ṣe ìpinnu tí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe lórí bí wọn yóò ṣe dáàbò bo fáìlì tó kó ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà jọ, àti ibi tí ìpinnu náà já sí. Wọ́n lo ìlànà ìpàrokò tí ayé mọ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó fọ́ ìlànà náà, àwọn tó yẹ fáìlì náà wò kò sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, kò pé oṣù méjì tí ilé-iṣẹ́ náà kéde ìṣẹ̀lẹ̀ náà tí ọ̀rọ̀ aṣínà àìmọye ènìyàn fi di ohun tí ẹni tó bá ní sùúrù lè kà. Mo ṣì ń rí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lónìí nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ìkànnì fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ látòkè délẹ̀.

Bí ètò wọn ṣe rí nìyí kí ibi tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá ṣí àkáǹtì, yóò fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, yóò yan ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì kọ gbólóhùn kékeré kan tí yóò máa rán an létí bí ó bá gbàgbé ohun tó yàn. Ìlà kan nínú fáìlì náà ni gbogbo èyí ń wà: nọ́ńbà àkáǹtì, ímeèlì, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ti pa ní àrokò, àti gbólóhùn ìránnilétí tí wọ́n fi sílẹ̀ gbalaja bí oníbàárà ṣe kọ ọ́. Ìlànà ìpàrokò tí wọ́n lò ni 3DES, èyí tí í ṣe DES, ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ní 1977, tí a wá ń lò lẹ́ẹ̀mẹta léra lórí ọ̀rọ̀ kan náà kí ó lè le sí i. Ní 2013, 3DES ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó lè dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò títí yóò fi bá èyí tó tọ́ pàdé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò fún gbogbo oníbàárà. Ọ̀nà tí wọ́n sì gbà lo 3DES náà ni èyí tí à ń pè ní ECB.

ECB ni kókó ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ó yẹ kí á dúró lé e lórí díẹ̀. Ìlànà bíi 3DES kì í gba ọ̀rọ̀ gígùn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló ń gé e sí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ègé, oníbáìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ; báìtì kan ni àyè tí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan ń gbà. Ẹni tó ń kọ kóòdù ló máa pinnu bí búlọ́ọ̀kù kan yóò ṣe bá èkejì tan. Nínú ECB, kò sí ìbátan kankan láàárín wọn: búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ń wọlé fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan náà ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó sì ń jáde. Ohun tó ń tìdí èyí yọ ni pé báìtì mẹ́jọ kan náà yóò máa bí èsì kan náà nígbàkígbà, lọ́dọ̀ oníbàárà èyíkéyìí, títí kọ́kọ́rọ́ yóò fi yí padà. Ọ̀pọ̀ àkójọ kóòdù ló ń jẹ́ kí èyí rọrùn láti lò, àwọn kan tilẹ̀ ń yàn án fúnra wọn bí olùkọ kóòdù kò bá sọ èyí tó fẹ́. Ẹni tó bá dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan yóò rí i pé ohun tó jáde kò ṣeé kà, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé iṣẹ́ ti parí. Àléébù ECB kì í hàn lójú ìlà kan. Ó di ìgbà tí ìlà bá pọ̀.

Ó tún yẹ kí á béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ń yan ìpàrokò fún irú fáìlì báyìí. Ìdí tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ kóòdù ni pé àwọn fẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ padà sí ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀, tàbí pé ètò mìíràn wà tí yóò nílò láti kà á. Àwọn mìíràn kò ní ìdí kankan ju pé wọ́n rò pé ohun tó bá jẹ́ àṣírí gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìpàrokò. Ohun tí wọn kò rò ni pé ìpàrokò jẹ́ ọ̀nà àlọ àti àbọ̀. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ bá tì, kọ́kọ́rọ́ náà ni yóò ṣí i, ẹ̀rọ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò nígbà tí oníbàárà bá ń wọlé sì gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yẹn nítòsí ní gbogbo ìgbà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ náà gba ìkìlọ̀ pé ibi ìpamọ́ dátà lórí sẹ́fà (server) wọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìkìlọ̀ tí kò jọ mọ́ ọ̀rọ̀ ààbò rárá ni. Nígbà tí wọ́n lọ wo ohun tó ń kún un ni wọ́n tó rí i pé àjèjì ti wà nínú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì ń gbìyànjú láti tú àrokò nọ́ńbà káàdì ìsanwó àwọn oníbàárà. Mo ka ibí yìí sí ìkóríta àkọ́kọ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn olè náà mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá wà lábẹ́ ìpàrokò, wọn kò sì torí rẹ̀ pa dà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ lójoojúmọ́ kò nílò láti fọ́ ìlànà ìpàrokò, bí ó bá ti lè rọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ láti bá a ṣí i.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà kan oníbàárà mílíọ̀nù 2.9. Kí oṣù náà tó parí, iye yẹn ti di mílíọ̀nù 38 fún àwọn tó ṣì ń lo àkáǹtì wọn. Nígbà tí fáìlì náà fúnra rẹ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlà tó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 150, nítorí pé àkáǹtì àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti pa tì àti àwọn tí wọ́n ṣí fún ìdánwò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí àṣírí ti tú gan-an nìyí.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olùwádìí ṣe ni pé wọ́n to gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà lábẹ́ àrokò jọ, wọ́n sì ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹyọ. Bí ìpàrokò náà bá dára, kò yẹ kí èyíkéyìí jẹyọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n àmì kan, EQ7fIpT7i/Q=, wà níwájú ímeèlì àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.9. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ ẹbí kan náà. Bí o bá ti dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn, o ti mọ ẹbí tí àwọn yòókù ti wá. Wọn kò sì pẹ́ kí wọ́n tó dá a mọ̀, torí pé gbólóhùn ìránnilétí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ ní èdè Faransé pé 123456 ni. Àwọn mìíràn kọ nọ́ńbà náà gan-an sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Oníbàárà kan lè jẹ́ ẹni tó ṣọ́ra gidigidi; ó lè kọ gbólóhùn ìránnilétí tí kò ní ìtumọ̀ sí ẹnikẹ́ni àfi òun, tàbí kí ó má kọ nǹkan kan rárá. Kò ràn án lọ́wọ́, bí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí, tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, bá yan ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tó sì kọ ìdáhùn sínú àyè ìránnilétí. Àìṣọ́ra ẹnì kan tú àṣírí gbogbo àwọn tó bá a yan ohun kan náà. Bí ènìyàn 50 bá jọ lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan, ìránnilétí 50 ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a: ọ̀kan á ní orúkọ ajá òun ni, ọ̀kan á ní ẹranko ilé ni, ọ̀kan á ní lẹ́tà márùn-ún ni. Kò sí ìṣirò ńlá kankan nínú irú iṣẹ́ yìí. Sùúrù nìkan ló gbà.

Gígùn ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú tún jáde síta. Nítorí bí ètò wọn ṣe ń fi báìtì òdo kún ìparí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò tó lẹ́tà mẹ́jọ máa ń bọ́ sínú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, nígbà tí èyí tó pé mẹ́jọ gẹ́lẹ́ máa ń ní búlọ́ọ̀kù kejì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju òdo lọ. Búlọ́ọ̀kù òfìfo yẹn, nínú ECB, kò yàtọ̀ láti ìlà kan sí èkejì, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá wo fáìlì náà lè tọ́ka sí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn jẹ́ lẹ́tà mẹ́jọ láì mọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ méjì tí lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ wọn bá jọra, bíi 12345678 àti 123456789, ṣe ń ní búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kan náà. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan ti mọ ìdajì èkejì, ó kù kí ó wá ìrù rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, olùwádìí kan gbé àkójọ ọ̀rọ̀ aṣínà 100 tó wọ́pọ̀ jù nínú fáìlì náà jáde, ó sì sọ gbangba pé òun kò ní kọ́kọ́rọ́, pé láti ara àmì tó jọra, gígùn wọn àti ìránnilétí ni òun ti mọ̀ wọ́n. 123456789 lé ní 440,000. Ọ̀rọ̀ náà password lé ní 340,000. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú 123 ní ìparí rẹ̀ sì lé ní 210,000. Facebook gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn olùwádìí ti tú wọ̀nyí, wọ́n fi ìlànà hash tiwọn, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àmì tí kò ṣeé yí padà sí ọ̀rọ̀ náà mọ́, yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń lo ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà lọ́dọ̀ àwọn yí i padà. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ó tún fi hàn bí ewu náà ti gbòòrò tó, nítorí pé ohun tí Facebook lè ṣe láti gba oníbàárà là ni olè náà lè ṣe láti wọ àkáǹtì wọn.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ìkóríta tó ṣáájú kí olè tó dé. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ó ti lé ní ọdún kan tí àwọn ti ń lo ètò tuntun fún ìwọlé oníbàárà, èyí tó ń lo hash SHA-256 pẹ̀lú iyọ̀ (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ṣà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan), tí ó sì ń tún iṣẹ́ náà ṣe ju ìgbà 1,000 lọ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn mọ ohun tó tọ́, wọ́n sì ti ṣe é. Ètò tí olè wọ̀ jẹ́ ètò àfipamọ́ àtijọ́ tí wọ́n ti pinnu láti pa tì ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pa. Fáìlì àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ṣì ń lò. Nígbà tí ètò tuntun bá dé, kò sí oníbàárà tó ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà nítorí rẹ̀. Nítorí náà, dídára ètò tuntun kò dín iye tí fáìlì àtijọ́ ní lójú olè kù.

Ọ̀nà àbáyọ wà nígbà náà, ó sì rọrùn ju bí àwọn ènìyàn ti ń rò lọ. Nítorí pé wọ́n ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n lè tú àrokò gbogbo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n da ọ̀kọ̀ọ̀kan sí hash pẹ̀lú iyọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n nu fáìlì àtijọ́ náà àti gbogbo ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì pa kọ́kọ́rọ́ náà run. Kò sí ìdí láti dúró de oníbàárà kí ó wọlé kí a tó tún tirẹ̀ ṣe. Ẹni tí ètò rẹ̀ bá jẹ́ hash àtijọ́ tí kò lágbára, tí kò sì ní ọ̀nà àbọ̀, lè fi hash tó lágbára bo hash àtijọ́ náà lóru ọjọ́ kan. Ní tèmi, iṣẹ́ ìṣíkúrò kò tíì parí títí ẹ̀dà tó kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ àfipamọ́ yóò fi lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà pàṣẹ kí oníbàárà yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà, ó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn, ó sì gba ẹjọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ní 2016, ó fara mọ́ sísan mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìpínlẹ̀ 15 ní Amẹ́ríkà.

Fún àwa tó ń kọ kóòdù, ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú yíyan ìlànà ni èyí: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí máa nílò láti ka ọ̀rọ̀ náà padà láé? Fún ọ̀rọ̀ aṣínà tí oníbàárà fi ń wọlé, kò nílò rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ nílò ni láti mọ̀ bóyá ohun tí oníbàárà tẹ̀ lónìí bá ohun tó yàn lánàá mu. Àwọn tó kọ Unix, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ti mọ èyí tipẹ́, Robert Morris àti Ken Thompson sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979. DES ni àwọn náà lò, ìlànà kan náà tó wà nídìí ìṣẹ̀lẹ̀ wa yìí, ṣùgbọ́n wọ́n yí i po: ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́, òdo lásán ni wọ́n pa ní àrokò, ìgbà 25 ni wọ́n sì ń ṣe é léra kí ó lè fa olè sẹ́yìn. Wọ́n fi iyọ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ṣà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ aṣínà méjì tó jọra lè máa mú èsì tó yàtọ̀ jáde. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú ẹ̀rọ tí olè lè jí. Ọdún 34 wà láàárín ìwé wọn àti fáìlì tó jáde ní 2013.

Iṣẹ́ náà ti lọ síwájú láti ìgbà yẹn. Nínú àwọn ìlànà hash tí a ṣe fún ọ̀rọ̀ aṣínà, bcrypt jáde ní 1999, scrypt ní 2009, Argon2 sì borí nínú ìdíje irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó parí ní 2015. Gbogbo wọn ni a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí wọ́n lọ́ra, àwọn méjì ìkẹyìn sì ń jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà kí olè má baà lè fi ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú dán ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù wò ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà 1,000 tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń tún SHA-256 ṣe dára ju 3DES lọ, ṣùgbọ́n ó kéré fún òní. Ìmọ̀ràn OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò ìkànnì, fún PBKDF2 (ìlànà tó ń tún hash ṣe léraléra) pẹ̀lú SHA-256 ti di ìgbà 600,000. Kò sì sí ìdí láti kọ èyíkéyìí nínú wọn fúnra ẹni. PHP, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ ìkànnì, ti ní password_hash àti password_verify nínú láti ìgbà tí ẹ̀yà 5.5 ti jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, oṣù díẹ̀ kí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tó wáyé. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀ láì jẹ́ pé a béèrè.

Fáìlì mìíràn wà tó nílò ìpàrokò lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ní kí a sọ ọ́ nù. Bí ọ́fíìsì kan bá kó ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, sẹ́fà àti ímeèlì rẹ̀ sínú fáìlì kan, ó gbọdọ̀ lè kà wọ́n padà, hash kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí KeePass, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣe ń ṣe tirẹ̀ tọ́ láti wò: ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà kan ni ẹni tó ni fáìlì ń tẹ̀, Argon2 lè sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́, ìlànà ìpàrokò AES-256 tàbí ChaCha20 ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pa fáìlì náà ní àrokò, HMAC sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ kan ti tọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sí nínú kóòdù, kò sì sí nínú fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú rẹ̀ lè lo AES-GCM, tó ń ṣe ìpàrokò àti àyẹ̀wò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lo nọ́ńbà àlòsọnù kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, torí pé ibẹ̀ ni ààbò GCM ti ń wó. Bí wọ́n bá ti lo CBC, ọ̀nà tó ń so búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní 2013, àwọn olùwádìí kò ní lè to àmì tó jọra jọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣì máa wà níbì kan lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ tó bá sì jáde, gbogbo ìlà ló máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà nínú ìlà náà sì gba kí a yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀ wò. Àyè ìránnilétí kò yẹ kó wà rárá. Ìlà ìsopọ̀ tó ń bọ́ sí ímeèlì oníbàárà, tó sì ń kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ náà láì tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá jogún ètò tí ẹlòmíràn kọ, tí kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lè fi ìdánwò kan bẹ̀rẹ̀. Kí ó ṣí àkáǹtì méjì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, lẹ́tà mẹ́jọ gẹ́lẹ́, kí ó ṣí ẹ̀kẹta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí ó fi lẹ́tà kan kún ní ìparí, kí ó sì lọ wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ibi ìpamọ́ dátà. Bí ti àkọ́kọ́ àti èkejì bá jọra, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta bá tún jọ tiwọn, ó ṣeé ṣe gidigidi kó jẹ́ ECB, kí ó sì wá ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú kóòdù kí ọjọ́ náà tó parí. Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó sẹ́fà pé ẹ̀dà mélòó ló wà nínú ibi àfipamọ́, àti àwọn wo ló lè dé ibẹ̀.